Bí aláìsàn jẹjẹrẹ ṣe lè dènà egbò ẹnu

Oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ kì í mọ̀ ju pé kó kọlu ohun tó ń yára dàgbà nínú ara. Awọ inú ẹnu wà lára wọn. Ìdí nìyí tí egbò fi máa ń yọ síbẹ̀. Bí aláìsàn ò bá wá lè jẹun mọ́, ìtọ́jú lè dúró.

Áísì lè dènà rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gún fluorouracil wọ iṣan lẹ́ẹ̀kan náà, kí aláìsàn fi áísì wẹ́wẹ́ sẹ́nu kó máa yọ́ fún 30 ìṣẹ́jú, kó bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 5 ṣáájú abẹ́rẹ́. Òtútù á mú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹnu súnkì, oògùn tó máa débẹ̀ á dínkù. Ṣùgbọ́n òtútù máa ń ni ẹni tó ń gba oxaliplatin lára, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà.

Nílé, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kẹ́ ẹ fi fọ eyín, kẹ́ ẹ sì máa fi omi oníyọ̀ díẹ̀ ṣan ẹnu lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ yẹra fún ata, ọtí àti sìgá. Bí ara bá gbóná, ẹ má dúró mu àgbo o. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.