Àròkọ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọmọ Tí Yorùbá Jẹ́ Èdè Abínibí Rẹ̀

Kíkọ́ ọmọ Yorùbá bí a ṣe ń kọ àròkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni èdè fúnra rẹ̀: ọ̀rọ̀, gírámà àti sípẹ́lì. Èkejì ni èrò: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ sọ, ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún, àti bí kókó kan yóò ṣe tẹ̀lé òmíràn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ kìíní nìkan ni wọ́n ń ṣe. Ìkejì, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò wá ọgbọ́n dá sí i, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló ṣòro jù.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Láàárín ọdún 1840 sí 1850 ni àwọn míṣọ́nnárì ti bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní Àgbádárìgì, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS sì dá ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ẹni tó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ ni ìjọba àti àwọn oníṣòwò ń gbà ṣe akọ̀wé. Ìkọ̀wé tó mọ́, tí kò ní àṣìṣe, ni òbí àti olùkọ́ wá gbájú mọ́, títí dòní ni ojú yẹn kò sì tíì kúrò níbẹ̀.

Àṣìṣe tí ọmọ Yorùbá ń ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ti àìgbọ́n. Òfin èdè tó ti mọ̀ dunjú ló ń tẹ̀lé. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àsìkò. “Ti”, “ń” àti “máa” tó ń ṣáájú rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọ̀rọ̀-orúkọ kì í yí padà nítorí iye: ìwé kan, ìwé mẹ́wàá. “Ó” kan náà ló ń dúró fún ọkùnrin, obìnrin àti ajá. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sí “d” tàbí “s”, nítorí náà, etí ọmọ kì í tètè mú irú ìró bẹ́ẹ̀ níparí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ rẹ̀ náà á sì fò ó. Ẹ wo ọmọ tó fẹ́ sọ pé, “Màmá mi ti dé. Wọ́n ra búrẹ́dì fún mi.” Ohun tó máa kọ ni “My mother have come. They buy bread for me.” Ọ̀wọ̀ ló mú “they” wá, torí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í pe ìyá rẹ̀ ní “ó”. Bí olùkọ́ bá kàn fi bírò pupa fa igi sí i, ọmọ náà kò ní mọ ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé gbólóhùn Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí pátákó, tó sì ṣàlàyé pé Gẹ̀ẹ́sì kì í fi arọ́pò-orúkọ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ọ̀rọ̀ náà á yé e.

Ìdí nìyí tí a kò fi lè lé Yorùbá jáde kúrò nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ‘A’ ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì fún mẹ́ta tó kù, bí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìgbà náà ṣe ń ṣe. Nígbà tí èsì jáde, àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá. Wọ́n tilẹ̀ ta àwọn yòókù yọ. Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ọmọ tó ti mọ bí a ṣe ń to ìtàn àti bí a ṣe ń gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ ní èdè ara rẹ̀ kò tún ní í kọ́ ìyẹn látìbẹ̀rẹ̀.

Láyé àtijọ́, àwòkọ ni ọ̀nà tó gbajúmọ̀ láti kọ́ àròkọ: olùkọ́ á ka àròkọ tó dára, akẹ́kọ̀ọ́ á fara wé e. Ṣùgbọ́n ní 1971, Janet Emig ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń kọ̀wé gan-an. Ó fi hàn pé à ń kọ, à ń ronú, à ń padà sẹ́yìn, à ń pa á rẹ́. Ní 1983, Vivian Zamel rí ohun kan náà lára àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn.

Pátákó nìkan ti tó láti kọ́ àròkọ bí ìwádìí wọ̀nyí ṣe fi hàn. Bí kíláàsì bá fẹ́ kọ nípa bí a ṣe ń dín àkàrà, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá: a rẹ ẹ̀wà, a bó o, a lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, a pò ó títí yóò fi fúyẹ́, òróró á ti gbóná. Ọmọ kan á ní iyọ̀ ló ń kẹ́yìn, ẹlòmíràn á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n bá fẹnu kò sí ni ìlapa èrò wọn. Olùkọ́ á wá fún wọn ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń so ìgbésẹ̀ pọ̀: “first”, “after that”, “until”. Wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á kà á síra wọn létí, wọ́n á tún un kọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni sípẹ́lì kàn.

Lórí àtúnṣe, àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan. Ní 1996, John Truscott ní kí olùkọ́ jáwọ́ nínú títún gírámà ṣe nínú àròkọ, torí kò ṣàǹfààní. Dana Ferris dá a lóhùn ní 1999 pé àtúnṣe tí a yàn dáadáa, tó sì yéni, lè ranni lọ́wọ́. Ti Ferris ló bá ilé ẹ̀kọ́ wa mu jù. Olùkọ́ tí ìwé ọgọ́ta ń dúró dè kò lè tún gbogbo àṣìṣe ṣe. Irú kan tàbí méjì ni kó mú lẹ́ẹ̀kan, kó sì kọ́ gbogbo kíláàsì lórí rẹ̀.

Ìdánwò WAEC náà kò wo gírámà àti sípẹ́lì nìkan. Nínú ìdánwò àṣekágbá sẹ́kọ́ńdìrì, máàkì 50 ló wà fún àròkọ Gẹ̀ẹ́sì: 10 fún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ sọ, 10 fún bó ṣe tò ó, 20 fún bó ṣe lo èdè, 10 fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé. Ẹni tí kò ní ohun tó fẹ́ sọ, tí kò sì mọ̀ ọ́n tò, ti ń pàdánù lára máàkì 20 kí wọ́n tó wo sípẹ́lì rẹ̀.