Ẹwìrì Lórí Ẹ́ńjìnnì Àgbà: Ohun Tí Ọ̀nà Àgbádárìgì Yàn

Ẹni tó bá ti dé ilé alágbẹ̀dẹ rí mọ ohun tí ẹwìrì ń ṣe. Èédú kan náà ni, irin kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ọmọṣẹ́ bá ti ń fín ẹwìrì, iná tó ń jó jẹ́jẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bú, irin á pọ́n. Súpáshájà kò ju ẹwìrì lọ. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in, ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó bá rọra wọlé ló ń lò, epo tó sì lè jó pẹ̀lú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í pọ̀. Súpáshájà á ki afẹ́fẹ́ bọ inú sìlíńdà tipátipá, epo á lè pọ̀ sí i, agbára á gbèrú. Àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tó ń jẹ́ Roots, ní ìlú Connersville ní ìpínlẹ̀ Indiana, Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní 1860. Ilé ìyọ́rin àti ibi ìwakùsà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń lò ó, kí Mercedes tó gbé súpáshájà sórí ọkọ̀ tí aráàlú lè rà ní 1921. Ọmọ ìyá kan ni òun àti tọ́bò. Ìyàtọ̀ wọn ni pé èéfín tó ń gba sálẹ́ńsà jáde ló ń yí tọ́bò, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì gan-an ló ń yí súpáshájà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi jíìpù wọ ẹrẹ̀ àti iyanrìn lókè òkun ṣe fẹ́ràn rẹ̀: kò dúró kí ẹ́ńjìnnì máa sáré kó tó ran ọkọ̀ lọ́wọ́. TRD, ẹ̀ka Toyota tó ń mú ọkọ̀ le sí i, ta súpáshájà fún 4Runner àti Tacoma tí ẹ́ńjìnnì wọn jẹ́ V6 lítà 3.4, tí wọ́n á kàn dè mọ́ ẹ́ńjìnnì tó ti wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀.

Irú jíìpù bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Festac Town àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, lẹ́bàá ọ̀nà Àgbádárìgì ní Èkó. Síbẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti ṣàárẹ̀, àṣà tó wọ́pọ̀ níbí kì í ṣe pé kí wọ́n wá ẹwìrì fún un. Odidi ẹ́ńjìnnì mìíràn ni wọ́n ń gbé sí i. Àwọn kan ka èyí sí àìlajú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìtàn ọ̀nà Àgbádárìgì ló bí àṣà náà, ìpinnu tó wà nínú rẹ̀ sì bọ́gbọ́n mu ju bí a ti ń sọ ọ́ lọ.

Láàárín ọdún mẹ́ta péré ni nǹkan ńlá mẹ́rin ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ Àwórì tó jẹ́ àbàtà àti iyanrìn yìí àti ní àyíká rẹ̀. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Ìjàpá létí ọ̀nà náà. Àwọn àlejò FESTAC, ayẹyẹ àṣà àwọn ènìyàn dúdú tó wáyé láti 15 January sí 12 February 1977, wọ inú ilé tí ìjọba kọ́ dè wọ́n, ibẹ̀ ló sì di Festac Town. Lọ́dún yẹn kan náà, ọgbà Trade Fair tí àwọn Energoprojekt láti Yugoslavia kọ́ ṣílẹ̀kùn. Wọ́n tún ṣí èbúté Tin Can Island, nítorí pé ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ńtì ti dí Àpápá pa ní 1975. Owó epo rọ̀bì ló wà lẹ́yìn wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi jọra: ẹnu ọ̀nà ìkẹ́rùwọlé lágbára nínú wọn ju ibi ìṣẹ̀dá lọ. Ìjàpá tí à ń tò nílé, òkèèrè ni èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà ara rẹ̀ ti ń wá.

Nígbà tí ìjọba Babangida gbé SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé ní 1986, àṣírí gbígbára lé òkèèrè yẹn tú. Náírà, tí kò tó 2 sí dọ́là kan tẹ́lẹ̀, lé ní 4 ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n tà á ní gbangba lóṣù September. Ẹ̀yà ara tí ilé iṣẹ́ ń rà wọlé di ọ̀wọ́n gógó, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ olówó oṣù, tòkunbọ̀ sì gba ìlú. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó padà wálé ni orúkọ yìí. Yorùbá fi pe ọkọ̀, gbogbo Nàìjíríà sì gbà á lẹ́nu wa. Tin Can wà nítòsí. Ọ̀nà tó ti Kùtọnu gba Sẹ̀mẹ̀ wá náà ń kọjá lẹ́nu Festac gan-an, ọkọ̀ sì ń gba ibẹ̀ wọlé títí ìjọba fi fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé ní 1 January 2017. Ẹ́ńjìnnì tẹ̀lé ọkọ̀. Èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ti kógbá sílé ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà tàbí Japan, pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì àti wáyà rẹ̀, ni wọ́n ń kó sínú kọ̀ńténà. Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin gbòòrò lórí irú ẹrù yìí, ẹgbẹ́ àwọn oní páàtì tí a mọ̀ sí ASPAMDA, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ígbò, sì fi ọgbà Trade Fair ṣe ibùjókòó. Ẹ wá fi ọgbọ́n oníṣòwò wò ó. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ wá ní odidi, gbogbo ohun inú rẹ̀ bára mu, bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́, ìkejì rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Súpáshájà ń béèrè bẹ́líìtì tirẹ̀, ohun tó ń fọ́n epo tó pọ̀ sí i, àti ẹni tí yóò tún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jábọ́, ọkọ̀ á jókòó sílẹ̀.

Wọ́n lè sọ pé àìmọ̀ ló fa èyí, pé mẹkáníìkì wa kò mọ bí wọ́n ṣe ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Lọ́rì Mercedes já irọ́ yẹn. Nọ́ńbà ara àwọn lọ́rì náà ń sọ̀rọ̀: 911 túmọ̀ sí tọ́ọ̀nù 9 àti agbára ẹṣin 110, 1113 jẹ́ tọ́ọ̀nù 11 àti agbára ẹṣin 130. Ẹ́ńjìnnì OM352 tó wà nínú 1113, sìlíńdà mẹ́fà, lítà 5.7, kò ní tọ́bò. Ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì yìí ni irú lọ́rì bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìn tí àwọn tó ṣe é ti gbàgbé rẹ̀. Wọ́n ń tú u, wọ́n ń tò ó, ó sì ń ru iyanrìn. Mercedes fúnra wọn fi tọ́bò sí i, wọ́n sì pè é ní OM352A. Àwọn tírélà tó ń tò lójú ọ̀nà Mile 2 lọ sí Tin Can náà, tọ́bò ló wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àwọn mẹkáníìkì wa kan náà ló ń tún wọn ṣe. Wọ́n mọ̀ ọ́n.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ: ọkọ̀ tó ní súpáshájà ti wà nílùú yìí, ó sì ń rìn. Nissan Xterra jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì V6 lítà 3.3 rẹ̀ ní agbára ẹṣin 170. Láti 2002, èyí tó ní súpáshájà ní 210. Ṣùgbọ́n Nissan kò kàn gbé ẹwìrì lé e lórí. Ìwọ̀n tí ẹ́ńjìnnì náà fi ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ nínú sìlíńdà, wọ́n dín in kù láti 8.9 sí 8.3, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí a bá kì tipátipá máa ń gbóná. Bí ooru náà bá pọ̀ jù, epo á gbiná kí iná púlọ́ọ̀gì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, pístìnnì á máa jẹ ìyà títí ẹ́ńjìnnì á fi nọ́ọ̀kì. Ìlànà yìí ni àwọn tó ṣe Range Rover Supercharged náà tẹ̀ lé. Ẹ́ńjìnnì àgbà tó ti rìn jìnnà kò ní irú ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Epo tó ń mu náà ńkọ́? Ní February 2022, wọ́n ní láti kó bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ jù kúrò lọ́jà lẹ́yìn tó ti dé inú táǹkì ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n lè fara da irú epo bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Èyí tí a ń fún lọ́rùn láti mú agbára jáde kò ní àyè àṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tí súpáshájà dára fún, ìyẹn gígun òkè àti jíjà nínú ẹrẹ̀, kọ́ ni ohun tí jíìpù Festac ń fi ọjọ́ rẹ̀ ṣe. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nínú oòrùn ni.

Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni pé pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ń sọ wá di ẹni tó ń jẹ àjẹkù ẹlòmíràn, kò sì kọ́ wa ní ìṣẹ̀dá. Òótọ́ ni, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe mẹkáníìkì ni ká di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Irin ẹ́ńjìnnì tó le tó láti gba ẹwìrì, ibi ìyọ́rin ló ti ń wá. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀ ní 1979, ìléru ńlá rẹ̀ kò sì tíì yọ́ irin kankan títí di òní. Ìléru bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ àwọn Roots kọ́kọ́ fẹ́ iná sí, kó tó di ohun tí wọ́n ń dè mọ́ jíìpù. Kí àwọn tó ń ṣe ìjọba rántí èyí nígbà tí wọ́n bá tún ń ṣèlérí ọkọ̀ tí a ṣe nílé. Ní tirẹ̀, ẹni tó ní 4Runner tó ti rẹ̀ ní 23 Road tàbí Agboju, kó fi owó súpáshájà wá odidi ẹ́ńjìnnì tó mọ́, kó sì jẹ́ kí mẹkáníìkì rẹ̀ gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó san owó.