Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Ọkọ̀ Òfúrufú?

Àwọn àgbà máa ń sọ pé gbogbo wa kò lè sùn kí á kọrí sí ibì kan náà. Nígbà tí èrò ènìyàn méjì kò bá ṣọ̀kan ni a sábà máa ń pa òwe yìí, láti fi pẹ̀tù sí aáwọ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ọkọ̀ òfúrufú fi hàn wá pé òwe náà tún lè jẹ́ ìkìlọ̀: níbi tí ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá wà lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀, bí gbogbo wọn bá kọrí sí ibì kan náà, ewu dé. Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Kì í ṣe ìtàn àwọn ọ̀lẹ. Ìtàn àwọn tí iṣẹ́ ká lára ni.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá awakọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn yóò ká ẹsẹ̀ ọkọ̀ sínú. Wọn yóò fa àwọn ìyẹ́ kéékèèké tí ó wà lẹ́yìn apá rẹ̀ wọlé bí eré rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Wọn yóò dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Wọn yóò fi rédíò dágbére fún ilé ìṣọ́ pápá, wọn yóò sì kí àwọn tí ń darí ọkọ̀ lójú ọ̀run. Àwọn wọ̀nyí lè sọ fún wọn pé kí wọ́n gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 5,000, kí wọ́n dúró níbẹ̀. Àṣẹ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí ọkọ̀ mìíràn lè wà ní ẹsẹ̀ bàtà 6,000 lórí wọn gan-an. Ẹsẹ̀ bàtà 1,000 péré ni a sábà máa ń fi sí àárín ọkọ̀ méjì. Ọkọ̀ tí ó bá ń gun ẹsẹ̀ bàtà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan yóò tán àlàfo náà kí ènìyàn tó rọra ka oókan dé ogún.

Ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé kọ́kọ́ kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí wá láti Amẹ́ríkà. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1972, ọkọ̀ Eastern Air Lines kan ń ti New York bọ̀ ní Miami. Ènìyàn 176 ni ó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n ti fẹ́ balẹ̀, iná kékeré tí ó yẹ kí ó tàn láti fi hàn pé ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ti jáde kò tàn. Wọ́n pa ìbalẹ̀ tì, wọ́n tún gòkè dé ẹsẹ̀ bàtà 2,000, wọ́n sì forí lé ìwọ̀-oòrùn, lórí irà Everglades tí ó ṣókùnkùn biribiri. Wọ́n fa ọkọ̀ lé ẹ̀rọ adáwakọ̀ lọ́wọ́, èyí tí ó lè wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Igbákejì ọ̀gá awakọ̀ ń tú iná náà wò. Ọ̀gá awakọ̀ ń bá a dá sí i. Ẹ̀ńjínníà inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú ihò tí ó wà lábẹ́ yàrá, ó lọ fi ojú ara rẹ̀ wo ẹsẹ̀ náà. Oníṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wọn kan wà níbẹ̀, òun náà bá wọn lọ́wọ́ sí i.

Ó jọ pé nínú akitiyan yìí ni ẹnìkan fara kan ọwọ́ ìtọ́kọ̀, tí ẹ̀rọ adáwakọ̀ sì jọ̀wọ́ gíga tí ó dì mú. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí ń tòògbé. Nígbà tí ó fi ẹsẹ̀ bàtà 250 lọ sílẹ̀, agogo ìkìlọ̀ dún lẹ́ẹ̀kan. Kò sí ẹni tí ó kà á sí. Ẹni tí ń darí wọn láti ilẹ̀ rí 900 lójú rédà rẹ̀. Ó béèrè bí nǹkan ti ń lọ sí, ṣùgbọ́n kò dárúkọ gíga. Ìgbà tí igbákejì ọ̀gá fi máa gbójú sókè tí ó sì béèrè bóyá wọ́n ṣì wà ní 2,000, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ènìyàn 101 ni ó kú. Nígbà tí a yẹ ọkọ̀ náà wò, ẹsẹ̀ iwájú ti jáde láti ìgbà náà. Gílóòbù ni ó jó.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́rin ni ó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà. Gbogbo wọn ni wọ́n ń wo gílóòbù.

Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ yìí kan náà já lulẹ̀ nígbà tí ó fẹ́ balẹ̀ ní Charlotte nínú kùrukùru. Ó ju àádọ́rin ènìyàn lọ tí ó kú. Ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ fi hàn pé àwọn awakọ̀ ń tàkúrọ̀sọ nípa òṣèlú àti nípa mọ́tò àlòkù. Nítorí irú èyí ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣe òfin ní ọdún 1981 pé bí ọkọ̀ bá ń lọ sókè tàbí tí ó ń bọ̀ nílẹ̀, tí kò sì tíì kọjá ẹsẹ̀ bàtà 10,000, awakọ̀ kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun, kò sì gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun tí kò bá ìwakọ̀ mu.

Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wò ó dáadáa. Àwọn ará Charlotte ni òfin náà bá wí. Kò bá àwọn ará Miami wí rárá. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu àwọn ará Miami, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. A lè fi òfin lé àhesọ jáde nínú yàrá awakọ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fi òfin lé iṣẹ́ jáde.

Èyí ni ó fi tún ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Ní òru ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2007, ọkọ̀ Kenya Airways gbéra ní Douala ní Kamẹrúùnù, ó ń lọ sí Nairobi. Ìjì òjò wà lágbègbè náà. Bí wọ́n ti ń gòkè, ọ̀gá awakọ̀ sọ ọ́ lẹ́nu pé kí ẹ̀rọ adáwakọ̀ gba iṣẹ́. Ẹ̀rọ náà kò gbà á. Igbákejì rẹ̀ kò fèsì, ẹnikẹ́ni kò sì wò ó bóyá ó ti gbà á. Fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, kò sí ọwọ́ ènìyàn, kò sí ọwọ́ ẹ̀rọ, ní ìdí ìtọ́kọ̀. Ọkọ̀ ń fì sí ọ̀tún díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìkìlọ̀ dún, ọ̀gá náà ta gìrì, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe tún dá kún un ni. Ènìyàn 114 ni ó wà nínú ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó yè.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2022, tí ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí ti Miami pé àádọ́ta ọdún, ọkọ̀ United kan gbéra nínú òjò ní Kahului ní Hawaii. Ọ̀gá awakọ̀ ní kí wọ́n fa ìyẹ́ ẹ̀yìn apá sí 5. Igbákejì rẹ̀ gbọ́ 15. Níbi tí ọ̀gá ti ń yanjú ọ̀rọ̀ ìyẹ́ àti eré, ọkọ̀ tí ó ti kọjá ẹsẹ̀ bàtà 2,000 doríkodò, títí ó fi ku ẹsẹ̀ bàtà 748 péré kí ó kan òkun. Ẹ̀rọ ìkìlọ̀ pariwo, wọ́n fà á sókè, orí sì kó gbogbo wọn yọ.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ẹ̀rọ ìgbàlódé yóò gbà wá. Ìkìlọ̀ dún ní Miami, ó dún ní Douala, ó dún ní Hawaii. Ibì kan ṣoṣo ni ó ti bọ́ sí etí lásìkò.

Nítorí náà ni a fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ lónìí pé kí ẹnìkan máa wa ọkọ̀, kí ẹnìkejì máa ṣọ́ ọ. Bí a bá fún wọn ní gíga tuntun, ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, àwọn méjèèjì ni yóò nàka sí i tí wọn yóò sì pè é; bí ó bá ku ẹsẹ̀ bàtà 1,000 kí wọ́n dé ibẹ̀, ẹnìkan yóò tún kígbe rẹ̀. Bí nǹkan bá sì bàjẹ́, kí a tó béèrè ohun tí ó bàjẹ́, a ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò máa wa ọkọ̀.

Àwọn ìyá wa ti mọ èyí tipẹ́. Bí wọ́n bá sá èlùbọ́ sóòrùn, wọn a fi ọmọ kan tì í kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́. Bí iṣẹ́ ilé ti wù kí ó pọ̀ tó, wọn kì í pe ọmọ náà wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Lójú àlejò, ọmọ náà jókòó lásán ni. Ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí ewúrẹ́ jẹ èlùbọ́ tán.