Òṣùwọ̀n Iṣẹ́ Ìrànwọ́ ní Warri, Láti Ọdún 2003

Wàhálà ló bí ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà díwọ̀n iṣẹ́ ìrànwọ́ ní agbègbè Warri. Kí ó tó di ọdún 2003, ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀rọ omi àti ilé ìwòsàn tí iléeṣẹ́ epo bá kọ́ ni wọ́n máa ń kà láti fi hàn pé àwọn ṣe dáadáa. Ìlú tí wọ́n bá kà sí onílẹ̀ kànga epo ń gbà, aládùúgbò rẹ̀ ń wòran. Nígbà tí ìjà Ijaw àti Itsekiri gbóná ní oṣù Kẹta ọdún náà, abúlé jóná, Chevron àti Shell kó òṣìṣẹ́ wọn kúrò, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀ kànga pa. Kíláàsì tí ogun ti lé ọmọ kúrò nínú rẹ̀, kí ni èèyàn fẹ́ fi iye rẹ̀ ṣe?

Lọ́dún 2005, Chevron kó àwọn ìlú jọ ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, ó sì bá wọn tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tó fi owó ìdàgbàsókè sí ìkáwọ́ ìgbìmọ̀ tiwọn. Nígbà tí wọ́n yẹ ètò náà wò lọ́dún 2008, ará ìlú wà lára àwọn tó ṣe àyẹ̀wò. Owó Chevron ló tún dá àjọ PIND sílẹ̀ lọ́dún 2010, tó ní ibùdó ní Warri. Òun àti MADE, ètò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sanwó rẹ̀, tẹ̀lé ìlànà tí ìgbìmọ̀ àwọn olùfúnni-lówó, DCED, gbé jáde lọ́dún 2008: kí wọ́n tọpa iṣẹ́ títí dé àpò ẹni tí wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n sì béèrè bóyá èrè náà ì bá wá láìsí wọn. Fún àwọn tó ń sin ẹja lẹ́bàá Warri, iye ẹni tó gba ẹ̀kọ́ kò tó mọ́. Ohun tó kù lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn owó oúnjẹ ẹja ni ọ̀rọ̀.

Àwọn kan lè ní ẹni tó sanwó ló ṣì ni òṣùwọ̀n. Òótọ́ ni, àmọ́ òun náà ló ni ti àtijọ́, ó sì lè ka òrùlé láì bá onílé sọ̀rọ̀. Èrè olùsin ẹja kò ṣeé mọ̀ láì bi í. Àtakò tó wúwo jù ni pé èrè yìí kò sọ nǹkan kan nípa odò tí epo ti bà jẹ́. Ìlànà náà kò dáhùn ìyẹn. Òfin epo ọdún 2021 sì gba ibòmíràn lọ: ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó iléeṣẹ́ fún iṣẹ́ ọdún tó kọjá ni yóò wọ àpò ìlú, àmọ́ bí wọ́n bá ba ohun èlò epo jẹ́ níbẹ̀, inú àpò kan náà ni owó àtúnṣe yóò ti jáde. Lóòótọ́, ó ní kí wọ́n wádìí ohun tí ìlú nílò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó wọlé àti páìpù tí kò bẹ́ ló dá iye lé. Kò dá irú iye bẹ́ẹ̀ lé ìyípadà nínú ìgbé ayé ará ìlú, èyí tí ìlànà DCED ti ń béèrè láti ọdún 2008.