Abẹ Láàárọ̀, Ilé Lálẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ọ̀tà níbí ló gbà pé bí wọ́n bá ti fi abẹ kan ọmọ ní ọsibítù, dandan ni kí ó sùn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó kéré tán. Bí dókítà bá wá sọ pé, "Ẹ gbé e wá láàárọ̀, ẹ óò gbé e lọ sílé nírọ̀lẹ́," ẹ̀rù á bà wọ́n. Wọ́n á ní, "Àbí bẹ́ẹ̀dì ló tán ni? Ṣé wọ́n fẹ́ lé wa dànù ni?" Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn aládùúgbò mi ní Ojú-Ore tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi tọ pinpin ìtàn rẹ̀ lọ. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun, ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe àìrí bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí ọsibítù tó dé, ta ló ń dábẹ́ fún ọmọkùnrin? Olóòlà ni. Wọ́n á ránṣẹ́ pè é wá sílé, ìyá àgbà á gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, olóòlà á ṣe iṣẹ́ rẹ̀, á fi omi ìgbín sójú egbò, á gbowó rẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Yàrá ìyá rẹ̀ lọmọ á sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. N kò sọ pé gbogbo iṣẹ́ olóòlà ló dára o. Abẹ kan náà tí wọ́n fi kan ọmọ púpọ̀ lè kó àrùn ràn wọ́n, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà jù. Ṣùgbọ́n agbo ilé ló ń tọ́jú ọmọ, gbogbo wọn ló sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i.

Nígbà tó yá, ọsibítù dé. Ní 1846 ni wọ́n fi han gbogbo ayé ní Boston, l'Amẹ́ríkà, pé oògùn lè mú aláìsàn sùn kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Ní 1895, Fadá Jean-Marie Coquard bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwòsàn ní Lántòrò l'Abẹ́òkúta, níbi tí ilé ìwòsàn Sacred Heart wà títí di òní. Ní 1957 ni wọ́n ṣí U.C.H. n'Íbàdàn. Ẹ̀mí tí àwọn ọsibítù wọ̀nyí gbà là kò lóǹkà. Ṣùgbọ́n òfin kan bá àṣà ọsibítù wá láti ìlú òyìnbó: ọmọ á wà ní wọ́ọ̀dù, ìyá á wà nílé, bí aago ìbẹ̀wò bá lù kí ó wá wò ó.

Òyìnbó kan náà ló kọ́kọ́ ta ko òfin yìí. Orúkọ rẹ̀ ni James Nicoll, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland. Ní 1909, ó dìde láàárín àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní láàárín ọdún mẹ́wàá, iṣẹ́ abẹ 8,988 ni òun ṣe fún àwọn ọmọdé tí kò sùn ní ọsibítù. Ìpá wà níbẹ̀, ètè tó ya wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ tó wọ́ wà níbẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń lọ wo àwọn ọmọ náà nílé. Nicoll sọ pé kò yẹ kí a ya ọmọ ọwọ́ nípa sí ìyá rẹ̀, pé nínú ọwọ́ ìyá ni ọmọ ti ń sinmi jù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tètè gbọ́.

Ní 1952, James Robertson ṣe fíìmù kan ní London nípa ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì tó lo ọjọ́ mẹ́jọ ní ọsibítù nítorí ìdodo rẹ̀ tó yọ. Ìyá rẹ̀ kò lè dúró tì í. Ẹni tó bá wo fíìmù náà yóò rí i pé ojú egbò kọ́ ló ń dun ọmọ náà jù, ìyá tí kò sí nítòsí ni. Inú bí àwọn dókítà kan sí fíìmù yìí. Síbẹ̀, ní 1959, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, tí Harry Platt jẹ́ alága rẹ̀, sọ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn òbí nígbàkigbà, kí ìyá sì lè bá ọmọ kékeré dúró. Lónìí, iṣẹ́ abẹ ìdodo bẹ́ẹ̀ kì í sábà ju òòjọ́ lọ.

Àwa náà kò gbẹ́yìn. Láàárín 1956 sí 1961, Dókítà David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní agbègbè Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé, fi káàdì ìdàgbàsókè ọmọ lé àwọn ìyá fúnra wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ nílé. Kí ọ̀rúndún tó kọjá sì tó parí, àwọn dókítà ọsibítù ńlá Ifẹ̀ ti ń kọ̀wé nípa iṣẹ́ abẹ òòjọ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ẹ ṣé ẹ rí i báyìí? Bí ọmọ bá padà sílé, iṣẹ́ wọ́ọ̀dù ló bá a wálé yẹn. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gbogbo ilé múra, kì í ṣe ìyá nìkan.

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ ń dá ìjà sílẹ̀. Ìyá àgbà á ní, "Ìyàwó, ebi á pa ọmọ yìí o, jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀kọ díẹ̀." Ìyàwó á ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní kò gbọ́dọ̀ jẹun." Bí ìyàwó bá wọ balùwẹ̀ tán, ìyá àgbà á rọra fún ọmọ ní ṣíbí mẹ́ta. Àánú ló ṣe é, kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n bí oògùn oorun bá ti mú ọmọ, ọ̀nà ọ̀fun kò lè ṣọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ohun tó bá wà nínú ikùn lè gòkè wá, kí ó gba ibẹ̀ wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn sì lè pa ọmọ. Òfin tí ọ̀pọ̀ ọsibítù ń tẹ̀ lé ni wákàtí mẹ́fà fún oúnjẹ, ẹ̀kọ mímu àti mílíìkì, mẹ́rin fún ọmú ìyá, méjì fún omi lásán. Àkókò tí ọsibítù tiyín bá dá ni kí ẹ dì mú. Bí ọmọ bá ti jẹun, ẹ sọ ọ́. Ọjọ́ mìíràn kò ní ṣàì dé.

Ẹ sọ òtítọ́ yòókù pẹ̀lú. Àgbo wo ni ọmọ ń mu? Ṣé ó ń wúkọ́? Eyín rẹ̀ ha ń mì? Ṣé ẹbí kan ti rí ìjọ̀ngbọ̀n lọ́wọ́ oògùn oorun rí? Jẹnótáìpù rẹ̀ ńkọ́? Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS, nítorí náà kò sí ilé tó lè ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ọmọ SS lè ṣiṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó mú un sùn.

Ẹ má sì tan ọmọ náà. Ẹni tó bá ní bisikíìtì làwọn ń lọ rà, tí ọmọ wá bá ara rẹ̀ ní tíátà, ó ti ba ọ̀rọ̀ tí yóò sọ lọ́la jẹ́. Ẹ sọ fún un pé dókítà yóò fún un ní oògùn oorun, pé yóò tún ibi tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ṣe, pé ó lè dùn ún díẹ̀ bó bá jí, ṣùgbọ́n yóò bá yín níbẹ̀. Kí ẹ sì wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀nà ilé ló kù. Láti Ìkẹjà dé Ojú-Ore, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lè gba wákàtí mélòó kan lọ́wọ́ ènìyàn. Kí àgbà méjì bá ọmọ lọ, kí wọ́n má gbé e sórí ọ̀kadà. Kí bàbá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé iṣẹ́ tọrọ àyè ṣáájú. Kí fóònù ní iná, kí nọ́ńbà ọsibítù wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì ti mọ ọsibítù tó súnmọ́ yín, tí ẹ lè sáré lọ lóru. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí mímí bá nira fún ọmọ, bí èébì kò bá dáwọ́ dúró, bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí kò tọ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé náà ni dókítà ń wò kí ó tó ní kí ọmọ máa lọ. Bí ó bá béèrè ẹni tí ẹ ń bá gbé àti bí ilé yín ti jìnnà tó, kì í ṣe òfófó ló ń ṣe o, ẹ dá a lóhùn dáadáa. Ọlọ́run yóò bá wa dá àwọn ọmọ wa sí.