Ewé Akíntọ́lá Kò Mọ Ààlà

Ewé tí a ń pè ní Akíntọ́lá kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Ìhà Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1937, ó bá irúgbìn igi mẹlínà wọ Nàìjíríà láti Síri Láńkà. Lẹ́yìn náà ni àwọn àgbẹ̀ fi orúkọ olóṣèlú pè é. Oró wà nínú gbòǹgbò àti òdòdó rẹ̀. Paraquat, oògùn apakoríko tí NAFDAC fòfin dè láti January 2024, ewé nìkan ló ń jó. Gbòǹgbò á tún rú.

Ìjà ilẹ̀ Ìlobùú àti Ìfọ́n tún bẹ́ sílẹ̀ ní 2025. Oko tí a bá torí ìjà sá fún, Akíntọ́lá ni yóò jogún rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wú ti ìjà náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.