Dókítà tó yẹ inú kòkòrò aṣọ wò

Lánàá a fi màmá kan ṣe yẹ̀yẹ́ níbí pé ó máa ń se òkìríkà nínú ìkòkò kó tó kó o lọ sójà. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rán mi létí Henrique da Rocha Lima, ọmọ Rio de Janeiro ní Brazil, tí wọ́n bí ní 1879.

Dókítà ni, àmọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa wo ohun tí àrùn ṣe sí inú ara. Ó bá Oswaldo Cruz ṣiṣẹ́ ní Rio, kó tó kọjá sí Hamburg ní Jámánì. Ibẹ̀ ni ogun 1914 bá a.

Wọ́n kó àwọn sójà Rọ́ṣíà tí wọ́n mú lẹ́rú sí àgọ́ kan ní Cottbus. Òtútù, èrò rẹpẹtẹ, aṣọ kan náà lọ́rùn tọ̀sán-tòru. Ni táífọ́ọ̀sì bá bẹ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, kì í ṣe táífọ́ọ̀dù inú omi ìdọ̀tí. Iná ara ló ń gbé èyí kiri, ọmọ ìyá iná orí, àmọ́ ojú rírán aṣọ ló ń sá sí. Charles Nicolle, dókítà Faransé kan ní Tunis, ti fi ìyẹn hàn ní 1909. Kòkòrò tí ojú ò rí, tó wà nínú iná náà gan-an, ni wọn ò tíì dá mọ̀.

Rocha Lima àti Stanislaus von Prowazek lọ sí Cottbus. Àrùn náà mú àwọn méjèèjì. Prowazek kú ní oṣù kejì 1915, Rocha Lima yè. Tó bá jẹ́ èmi ni, mo ti dẹrù padà sílé! Òun padà sídìí iṣẹ́.

Ó ń gé ìfun iná, ohun tí kò tó hóró ìrẹsì, sí wẹ́wẹ́, ó ń fi ẹ̀rọ wò ó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iná ara ẹni tí kò ní táífọ́ọ̀sì náà lè ní kòkòrò tó jọ ọ́. Ó wá rí ìyàtọ̀ wọn: ti táífọ́ọ̀sì máa ń wọnú ara ìfun lọ pọ̀ sí i, èkejì kì í wọlé. Ní 1916 ó sọ ọ́ ní Rickettsia prowazekii, fún Prowazek àti Howard Ricketts, ará Amẹ́ríkà tí táífọ́ọ̀sì pa ní Mexico ní 1910. Orúkọ òkú méjì. Kò fi tirẹ̀ sí i.

Nobel 1928, Nicolle nìkan ni wọ́n fún. Ó dùn mí fún un, kí n má parọ́.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ba ọjà jẹ́ o. Iná ara kì í pẹ́ kú tí kò bá rí ara èèyàn. Àmọ́ ooru gbígbóná lára aṣọ ni wọ́n fi ń pa á láyé ogun yẹn. Màmá, ẹ má bínú sí wa.